ÈÉFÍN ÀTI OHUN TÍ Ó JU ÈÉFÍN LỌ: ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀÌJÓ-DÁRADÁRA INÁ ÀDÒGÁN

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín máa bi ara wọn léèrè ohun tí ó da olùkọ́ lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ààrò. Ìdáhùn mi kò gùn. Inú òwe ni Yorùbá tọ́jú púpọ̀ nínú ìmọ̀ wọn nípa iná sí. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń yẹ òwe wò ni láti tọ́ka sí ibi tí òwe ti bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu, kí ó sì sọ òtítọ́ níbi tí òwe kò bá dé. Nínú ọ̀rọ̀ iná, bí a kò bá sọ òtítọ́ yìí, ẹ̀mí lè lọ sí i.

1. Ohun tí iná ń jẹ

Igi nìkan kọ́ ni iná ń jẹ. Èdè wa gan-an jẹ́rìí sí i: a ń koná, a sì ń fẹ́ná. Kíkoná ni títi igi sí i. Fífẹ́ná ni fífún un ní afẹ́fẹ́. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń fi ẹwìrì fẹ́ná mọ̀ pé bí ọwọ́ òun bá dẹ̀, irin kò ní í pọ́n. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí a ń mí sí ọ̀nà 100, bí 21 nínú rẹ̀ ni ọ́síjìn. Òun ni iná ń lò. Bí ó bá tó, igi a jó tán. Bí kò bá tó, igi a jó dé ààbọ̀, èyí tí kò sì rí jó a bá ibòmíràn lọ. Nítorí náà, èéfín ni oúnjẹ tí iná kò rí jẹ tán.

2. Àdògán lẹ́búlẹ́bú pákó

Mo mú àdògán tí ń jó lẹ́búlẹ́bú pákó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ hàn kedere nínú rẹ̀. Níbi tí ayùn bá ti ń la igi, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ní Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta ní Èkó, òkìtì lẹ́búlẹ́bú kì í wọ́n. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n a máa fún un pọ̀ di hóró kéékèèké fún ààrò onífáànù tí ń mú ilé móoru. Níhìn-ín, agolo ńlá ni a ń lò.

A ó lu ihò kan sí ara agolo náà nísàlẹ̀. A ó gbé ìgò dúró sí àárín rẹ̀, a ó sì ti igi róbótó kan gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé títí yóò fi kan ìgò. A ó da lẹ́búlẹ́bú yí wọn ká, a ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó le. Bí agolo bá kún, a ó rọra yọ igi àti ìgò. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ọ̀fun àdògán: afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, ooru ń gba òkè jáde. Gbogbo àìsàn rẹ̀, inú ọ̀fun yìí ni kí a ti kọ́kọ́ wá a.

3. Wíwá ìdí àìsàn

Bí àdògán bá ń rú èéfín, ẹ má ṣe tú u nígbà tí ó gbóná, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí ó kú, kí ó sì tutù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta.

Èkíní, ǹjẹ́ ọ̀nà àtijáde ṣí? Ìkòkò tí ó bo ẹnu agolo pátápátá ti fún iná lọ́rùn. Ẹ fi òkúta tàbí irin mẹ́ta gbé e sókè díẹ̀. Èkejì, ǹjẹ́ ọ̀nà àtiwọlé ṣí? Eérú a máa dí ihò ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta, báwo ni lẹ́búlẹ́bú ti rí? Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Bí ó bá di ìṣù tí kò tú, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ lọ sá a sóòrùn. Bí a kò bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ògiri rẹ̀ yóò wó sí ọ̀fun, iná yóò sì máa kú lọ. Kò sí oògùn fún èyí ju pé kí a tún un tò lọ. Bí iná bá wá ń hó, tí ó ń sáré jó, afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù: ẹ dí ihò ìsàlẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe tán.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ ṣe láé: a kò gbọdọ̀ da kẹrosíìnì tàbí epo bẹntiróòlù sí àdògán tí ń rú èéfín. Ooru inú rẹ̀ yóò sọ epo di oru, oru náà a sì gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́ ẹni tí ó dà á lójú. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ẹni tí ń kó eérú gbọdọ̀ rántí pé iná tí kò kú náà ń fi eérú bojú. Agolo irin tí ó ní ìdérí, níta, ni kí a da eérú sí, kì í ṣe inú agbọ̀n tàbí ọ̀rá.

4. Ohun tí ó ju èéfín lọ

Èéfín nìwà, ni Yorùbá wí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Òwe yìí ti kọ́ wa láti máa wo èéfín gẹ́gẹ́ bí àmì ewu, èéfín sì léwu lóòótọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2020, bí 3,200,000 ènìyàn ni ó kú káàkiri ayé nítorí ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ tí iná ìdáná ń dá sílẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí kò tẹ̀lé òwe yìí.

Ẹ wo èédú. Ibi tí wọ́n ti sun ún ni ó ti rú èyí tí ó pọ̀ jù nínú èéfín rẹ̀ tán. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá mú, ẹlòmíràn a gbé àdògán èédú wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn, a sì sùn, nítorí pé kò rí èéfín. Bẹ́ẹ̀ ni èédú tí ó pọ́n yòò ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, èyí tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Ní ọ̀rúndún 19 ni Claude Bernard, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, fi hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń ṣe ọṣẹ́. Agbára tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba ìjókòó ọ́síjìn, ara a sì máa kú nígbà tí imú ṣì ń mí.

Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé tí iná wà, ẹ má ṣe pè é ní ibà. Ẹ jáde sí gbangba kíá, ẹ gbé ẹni tí kò lè rìn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn bí ẹ ti ń lọ, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹni tí ó ti sùn lè má jí mọ́ láti mọ àmì kankan. Fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ kò tó. Ìta ni ààyè èédú.

5. Ìkádìí

Kì í ṣe pé òwe wa parọ́. Ohun tí ojú rí, tí imú sì gbọ́ ni àwọn tí ó pa á sọ, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Àwa tí a mọ ohun tí ojú kò rí ni ó kù fún láti fi kún un. Yorùbá ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Láti òní lọ, nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ wa ní òwe yìí, ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé ẹni tí ó gbé àdògán èédú sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ó ti ilẹ̀kùn, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi iná sórí òrùlé.