Ọmọ Tó Mọ Ìwé Sórí Kò Tíì Mọ̀ Ọ́n Kà



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi mú ọmọ rẹ̀ wá kí mi. Kíláàsì kẹta lọmọ náà wà. Ó ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ó ka ojú-ewé kan geerege. Inú ìyá rẹ̀ ń dùn. Mo wá fi ìka lé ìlà kẹrin, mo ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti ibí, ọmọ dáadáa." Ó dákẹ́. Ó wojú ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó padà sí ìlà àkọ́kọ́, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ bọ̀ títí ó fi dé ibi tí mo nawọ́ sí. Àkọ́sórí ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ má dá ọmọ lẹ́bi. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń wọ̀n ni ọmọ máa kọ́. Bí òṣùwọ̀n bá ní kí ọmọ ka ìwé kíláàsì rẹ̀ já, a ó rí alákọ̀ọ́sórí. Bó bá ní kí ọmọ ka gbólóhùn tí kò rí rí, kó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀, a ó rí òǹkàwé.

Ti òṣùwọ̀n nìyẹn. Ti ìlànà ẹ̀kọ́ ńkọ́? Èdè wo ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó ń kàwé ń sọ àmì di ohùn, ó sì ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, ohùn wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bọ́mọ bá ka "Bàbá gbé ọkọ́ léjìká," tó pe ọkọ́ ní ọkọ̀, á rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, á tún un kà, torí ta ló ń gbé ọkọ̀ léjìká? Èdè tó ti gbọ́ látilé ló ta á lólobó. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, "though," "through" àti "tough" jọra lójú, wọn ò jọra létí. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà kò sì ní ohun tó máa sọ fún un pé òun ti ṣì í kà.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán èyí wò. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀yin òbí tó ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì á bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ gbọ́ ìyẹn o.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé Yorùbá fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì kọ́ àwọn tíṣà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Lójú tèmi, àṣẹ tí kò níwèé, tí kò ní tíṣà, kò tíì di ìlànà ẹ̀kọ́ tá a lè sọ pé ó kùnà.

Ní alẹ́ òní, ẹ ní kí ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kẹrin. Bó bá padà sókè, ẹ má nà án. Ẹ bá a mú ìwé Yorùbá kan, kẹ́ ẹ jọ bẹ̀rẹ̀.