Ẹranko Ńlá Inú Sinimá: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Wa Wò Ó?



Ní òru ọjọ́ kan, ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, wá dúró létí ibùsùn wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a ti gbà fún òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti wo àwòrán sinimá kan tí ń jẹ́ Godzilla, nígbà tí àwa ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ní ìta. A ṣe bí ẹranko inú rẹ̀ ni ó dẹ́rù bà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní: “Bàbá, ọkùnrin tí ó gé okùn ara rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ṣé ọ̀run rere ni ó lọ?”

A kò rí èsì fún un, nítorí a kò wo àwòrán náà rí. Ojú tì wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àwa wà nílé, orí ọmọ wa sì wọ́. Ní ọjọ́ kejì a jókòó, a sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ilé-iṣẹ́ Toho ti ilẹ̀ Jàpáànì ni ó ṣe é, Ishirō Honda ni ó sì darí rẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù November, 1954, ni a kọ́kọ́ fi í hàn káàkiri ilẹ̀ náà. Honda ti ṣe ọmọ ogun. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ wá sílé lẹ́yìn ogun, ó gba Hiroshima kọjá, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ti ọjọ́ 6 August, 1945, fi ìlú náà ṣe. Ní ọjọ́ 1 March, 1954, Amẹ́ríkà tún dán bọ́ǹbù kan tí agbára rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ fíìfíì wò ní erékùṣù Bikini. Eérú rẹ̀ bọ́ lu ọkọ̀ àwọn apẹja Jàpáànì kan tí ènìyàn 23 wà nínú rẹ̀. Àìsàn kọlu gbogbo wọn, ọ̀kan nínú wọn sì kú ní oṣù September ọdún náà. Inú ọ̀fọ̀ yìí ni àwòrán náà ti jáde wá.

Nínú ìtàn náà, irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ ni ó jí ẹranko àtijọ́ kan tí ó ga tó 50 mítà nínú ibú. Ó ri ọkọ̀ ojú omi, ó wọ Tokyo, ó ń fi èémí gbígbóná jó ìlú náà. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ yín pé ènìyàn ni ó wà nínú awọ rọ́bà wíwúwo náà. Haruo Nakajima jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ̀ ọ́. Ilé kéékèèké tí a kàn fún eré ni ó sì ń tẹ̀ fọ́.

Àwọn Kristian kan ń wí pé ohunkóhun tí ó bá ní àràmàǹdà ẹranko nínú, ti èṣù ni. Àwa kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kún fún iwin àti ẹbọra, síbẹ̀ àwọn ará C.M.S. ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938. Kí ẹranko dẹ́rù bani kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: nígbà tí ẹ̀rù náà bá ti lọ, kí ni ó kù sí ọkàn ọmọ?

Ohun rere kò ṣàì kù. Ní erékùṣù kan nínú ìtàn náà, arúgbó kan sọ pé láyé àtijọ́, nígbà tí òkun kò bá mú ẹja wá, ọmọbìnrin ni a fi ń tu ẹranko náà lójú. Níbẹ̀ ni òbí lè dúró, kí ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ nípa Ẹni tí ó fi ara rẹ̀ rúbọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má bàa jẹ́ ẹbọ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí kò yẹ ojú ọmọ kékeré. Bí iná ti ń bọ̀, ìyá kan gbá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sọ fún wọn pé láìpẹ́ wọn yóò dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn tí ó ti kú. Ní ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin kékeré kan ń ké nítorí ìyá rẹ̀ tí ó kú. Ọmọdé lè gbàgbé ẹranko rọ́bà. Kì í tètè gbàgbé ìyá tí ń kú. Nítorí èyí, ní ìdájọ́ tiwa, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá má wò ó. Àwa fúnra wa ṣe àṣìṣe.

Ẹ má sì ṣe fi orúkọ nìkan ṣe ìdájọ́. Godzilla pọ̀. Èyí tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1969, tí a ń pè ní All Monsters Attack, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìjà ni ọmọkùnrin inú rẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ ẹranko, ìwà ìpáǹle sí oníṣẹ́ ọ̀dà kan ni ó sì fi parí rẹ̀. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ okùn. Ọ̀mọ̀wé kan, Serizawa, ti ṣe àwárí ohun kan tí ń pa gbogbo ẹ̀dá tí ó wà nínú omi. Ó fi í pamọ́, nítorí ó mọ̀ pé àwọn aláṣẹ yóò fi ṣe ohun ìjà. Nígbà tí ó rí ìyà ìlú rẹ̀, tí ó sì gbọ́ tí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ń kọrin àdúrà fún àlàáfíà, ó gbà láti lò ó. Ó dáná sun gbogbo ìwé rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú òkun, ó jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ gòkè lọ, ó sì fi ọ̀bẹ gé okùn tí ó so òun mọ́ ọkọ̀, kí àṣírí náà lè kú pẹ̀lú rẹ̀.

Èsì tí a fún ọmọ wa nìyí. Ìfẹ́ ni ó mú ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, Olúwa wa sì bu ọlá fún irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹranko náà ti ń kú kí ó tó gé okùn. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ni ó gé e: ó rò pé ẹnikẹ́ni kò lè pa òun mọ́ kúrò nínú ìwà ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀mí wa kì í ṣe tiwa tí a ó fi gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ní ti ibi tí ó lọ, Ọlọ́run ni Onídàájọ́. Kì í ṣe àwa.

Àwọn ará Jàpáànì pàápàá ti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Nínú Godzilla Minus One, tí Takashi Yamazaki darí ní ọdún 2023, awakọ̀ òfurufú kan gbé bọ́ǹbù kọlu ẹranko náà. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò kú. Ṣùgbọ́n a ti ṣe ìjókòó kan tí yóò ta á jáde, ó sì padà sọ́dọ̀ ọmọ òrukàn tí ó ń retí rẹ̀. Àwọn àgbà ọmọ wa lè wo èyí, tòbí tọmọ.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀, ẹ̀yin òbí. Ẹ wo àwòrán kí ọmọ yín tó wò ó. Nígbà tí ó bá ń wò ó, ẹ jókòó tì í. Nígbà tí ó bá parí, ẹ má yára dìde, nítorí ìbéèrè ọmọdé kì í tètè jáde.

Nígbà tí a dá ọmọ wa lóhùn tán, ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní: “Bàbá, ó yẹ kí ẹnìkan ti dúró tì í.” A ní, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ wa, ó yẹ bẹ́ẹ̀. A sì gbàdúrà pọ̀, ó padà lọ sùn.