Ṣé O Mọ̀? Tẹ́tẹ́ tí Setúbal Ta lórí Yekini
Ní ọdún 1990, Vitória Setúbal, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ilẹ̀ Potogí, ra Rashidi Yekini, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Nàìjíríà, láti ẹgbẹ́ Africa Sports ti Abidjan. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tẹ́tẹ́ gidi ni rírà náà, nítorí pé líìgì, ìyẹn ìdíje ọlọ́dọọdún àwọn ẹgbẹ́, ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò fi bẹ́ẹ̀ níyì lójú àwọn ará Yúróòpù; ṣùgbọ́n ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 ni Yekini gbá sáwọ̀n, tí kò sì sí ẹni tó tó o ní gbogbo líìgì àgbà Potogí. Òun náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a fi jẹ Agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà Tó Dára Jù Lọ, ní ọdún 1993.