Ìhámọ́ra Sáúlù Ní Èjìká Ọmọdé

Ẹ̀yin òbí mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú ilé mi ní Agodi níbí. Bóyá yóò gba ọmọ ẹlòmíràn sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ mi obìnrin nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ fáyólìnì láàárín àwọn ọmọdé ìjọ wa. Inú wa dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti ń sá fún un. Bí mo bá ní kó lọ gbé e, á ní, "Mọ́mì, ọrùn ń dùn mí." Mo ní ọ̀lẹ ni. Nígbà tó yá, mo ní ọfà ọ̀tá ni, mo sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Àdúrà dára, ẹ má ṣì mí gbọ́ o! Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gbàdúrà kò tíì fara balẹ̀ wo èjìká ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ní kí n jókòó wò ó ni ojú mi là. Èjìká òsì rẹ̀ ti gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ó di eyín mọ́ra. Ara ti bó díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Fáyólìnì ọmọdé, ìwọ̀n ìdajì, ló gbé, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà ni shoulder rest tí a yá fún un. Ìrọ̀rí èjìká ni n ó máa pè é. Kò lè di igi náà mú, ó ń yọ̀, ọmọ sì ń fi ọrùn há a kó má bàa jábọ́.

Mo rántí 1 Sámúẹ́lì 17:38-39. Sáúlù fi ìhámọ́ra tirẹ̀ wọ Dáfídì. Dáfídì kò lè fi rìn, ó bọ́ ọ sílẹ̀. Ìhámọ́ra náà kò burú, kò kàn bá a mu ni. Kò sí ẹni tó pe Dáfídì ní ọ̀lẹ.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Gòjé àwọn onísákárà wa, a kì í fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́. Fáyólìnì Òyìnbó pàápàá kò ní pákó tí àgbọ̀n ń sinmi lé títí di nǹkan bí ọdún 1820, tí Louis Spohr, ará Jámánì, gbé e jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrọ̀rí èjìká dé. Títí dòní, Anne-Sophie Mutter, ògbóǹtarìgì ará Jámánì, kì í lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò ó. Ọrùn kan gùn, òmíràn kúrú. Olúwa kò fi mọ́ọ̀dù kan dá gbogbo wa.

Ohun tí a ṣe nìyí:

1. A kọ́kọ́ wọn fáyólìnì fúnra rẹ̀. Kí ọmọ gbé e sí èjìká, kí ó na ọwọ́ òsì lọ sí orí rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ yẹ kó ká orí náà mọ́, kí ìgúnpá sì tẹ̀ díẹ̀. Bí ọwọ́ bá nà tán, ó tóbi jù.

2. A wá ìrọ̀rí tó bá ìwọ̀n fáyólìnì náà mu. Ẹ má ra èyí tí ọmọ yóò dàgbà bá, bí aṣọ Kérésì.

3. Kí ọmọ dúró, kí èjìká rẹ̀ rọ̀, kó wo iwájú. Àlàfo tó wà láàárín èjìká àti fáyólìnì ni ìrọ̀rí wà fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣeé yí sókè sódò. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa yí i.

4. Kí ọmọ sọ ọwọ́ òsì kalẹ̀, kí ẹ̀yin wà nítòsí láti gbá fáyólìnì mú. Bí kò bá yọ̀, tí èjìká kò gòkè, tí ọmọ sì lè bá yín sọ̀rọ̀ láìdi eyín, ó ti bá a mu.

Bí owó kò bá sí, ẹ gba àjákù fóòmù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe kúṣìn àga, ẹ fi aṣọ rírọ̀ bò ó, ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ ẹ̀yìn fáyólìnì. Òun ni ọmọ mi kọ́kọ́ lò. Bí ọmọ bá ti ń ga, ẹ tún un wò. Bí ìrora kò bá lọ, ẹ dá a dúró, kí ẹ mú un lọ rí dókítà.

Mo bẹ ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá bẹ ọmọ! Ní ìkórè ọdún náà, ó dúró níwájú ìjọ, ó ta fáyólìnì rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀.

Òbí, kí ni ọmọ tìrẹ ń ráhùn sí tí o pè ní ọ̀lẹ? Kí Olúwa la ojú wa láti rí ohun tó ń ni àwọn ọmọ wa lára, ní orúkọ Jésù. Àmín.