Ihò kan ṣoṣo lórí yìnyín

A máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní McMurdo Sound, ní Antarctica, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sábà máa ń wọ òkun, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n máa gbà jáde.

Yìnyín tó bo omi ibẹ̀ lè nípọn tó mítà 2. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á fi ẹ̀rọ lu ihò tó fẹ̀ díẹ̀ ju mítà 1 lọ, wọ́n á wọ aṣọ tí omi ò lè wọ̀, wọ́n á sì wọlé sómi tó tutù tó nǹkan bíi -1.8°C. Iyọ̀ inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó dì ní 0°C.

Kí ló wá léwu níbẹ̀? Òtútù léwu lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo afẹ́fẹ́ inú sílíńdà. Wọ́n ti fún un mọ́ra gan-an. Bó ṣe ń jáde tó ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ náà ló ń tutù sí i, bí afẹ́fẹ́ táyà ṣe máa ń tutù tí a bá ń tú u. Ọ̀rinrin inú èémí lè dì nínú regulator tí wọ́n fi ń mí, kí fáàfù rẹ̀ há ní ṣíṣí, kí afẹ́fẹ́ máa ya jáde. Láìpẹ́, sílíńdà á gbẹ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé regulator 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fáàfù tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá dì, wọ́n á tì í pa, wọ́n á fi èkejì sẹ́nu, ó di ojú ihò. Àwa tó ń kọ sọ́fítíwíà mọ ọgbọ́n yìí: ohun tó bá lè gbẹ̀mí ẹni tó bá bàjẹ́, ẹ ní èkejì rẹ̀. Okùn tí wọ́n so àsíá àti iná mọ́ sì máa ń rọ̀ láti inú ihò, kí wọ́n má baà ṣìnà.

Kí ni wọ́n ń wá lọ? Láti àwọn ọdún 1960 ni Paul Dayton ti ń wo kànìnkànìn inú òkun níbẹ̀. Ẹranko ni wọ́n o, kì í ṣe ewéko. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé nǹkan sísàlẹ̀ òkun kí kànìnkànìn lè hù sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó hù. Ìgbà tí wọ́n wò ó lọ́dún 2010, ńláńlá ló ti bò ó.

Ká ní wọn ò padà lọ ni, à bá ṣì máa sọ pé kànìnkànìn Antarctica kì í tètè dàgbà.