Ọ̀rinrin àti Ohun Èlò Onígi: Ìlàlóye fún Àwọn Onílé ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé pélébé yìí jẹ mọ́ àga, ibùsùn, tábìlì, àpótí, ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ohun tí a fi òógùn ojú rà, tí a sì ń retí pé kí àwọn ọmọ wa jogún wọn, ṣùgbọ́n tí ọ̀rinrin ń sọ di igi ìdáná kí ọjọ́ wọn tó pé.

Ẹni tó bá ti dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, yóò ti fojú rí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí wọn. Òkúta ni wọ́n, ikán kò rí wọn gé jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fi òkúta nìkan ṣe ọnà. Ní Òsì, tí kò jìnnà sí wa, ni agbẹ́gilére Àreògún ti gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère igi títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé ní ọdún 1954. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, ni ó sì kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìgbómìnà láti Ìlá-Ọ̀ràngún, ní iṣẹ́ ọnà tí ó gbé orúkọ rẹ̀ kárí ayé. Iṣẹ́ ọwọ́ irú àwọn wọ̀nyí tí a gbé sí ibi gbígbẹ ṣì wà títí dòní. Èyí tí a fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù ti di oúnjẹ ikán. Igi kò kéré sí òkúta níyì. Ìtọ́jú ni ó ń béèrè.

Ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe sí igi

Igi tí a ti gé, tí a ti là, tí a sì ti fi kan àga, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ omi. Nígbà tí atẹ́gùn bá tutù, igi máa ń fa ọ̀rinrin mu, ó sì máa ń wú. Nígbà tí atẹ́gùn bá gbẹ, ó máa ń tú u sílẹ̀, ó sì máa ń sún kì. Ìbú rẹ̀ ni ó fi ń wú, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn sí i rárá. Nítorí pé òjò ń rọ̀ ní agbègbè wa láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́ láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì, kò sí ọdún kan tí igi inú ilé wa kì í wú kí ó tún sún kì. Ìdí nìyí tí dúrọ́ọ̀ fi ń há ní oṣù Keje, tí pátákó orí tábìlì sì ń là ní oṣù Kìn-ín-ní.

Bí omi inú igi bá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi náà nígbà tó gbẹ, olú tí ń mú igi jẹrà yóò ráyè. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, apá olú kò ká a. Ikán ilẹ̀ pẹ̀lú, ibi tó tutù ni ó ń wá kiri. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀: ọ̀rinrin ni ó ń la ẹnu ògiri.

Kí a tó rà á

Ẹ bi kápéńtà léèrè bóyá igi náà ti gbẹ dáadáa kí ó tó kàn án, nítorí inú ilé yín ni igi tútù yóò ti máa gbẹ, níbẹ̀ ni yóò sì ti wọ́. Igi ìrókò àti igi apá lágbára ju igi arère lọ níwájú omi àti ikán. Ṣùgbọ́n ibi funfun tó wà lẹ́bàá èèpo igi, kódà lára ìrókò, kò lágbára bí ti inú. Ẹ wo abẹ́ ohun tí ẹ ń rà àti ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀: bí ojú nìkan ni a fi fánííṣì kùn, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ẹnu ibi tí a ti gé igi ni ó ń yára mu omi jù lọ, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ń kan ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kùn ún yípo, lórí igi gbígbẹ nìkan, nítorí fánííṣì tí a fi kun igi tútù ń sé omi mọ́ inú rẹ̀ ni.

Ibi tí a ó gbé e sí

Ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti ògiri. Ẹ fi àyè tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá. Lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ẹ fi rọ́bà tàbí táìlì kékeré sí abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sìmẹ́ńtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ṣì kún fún omi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó kó ẹrù wọlé. Ní oṣù Kẹta, kí òjò tó dé, ẹ gun òkè lọ wo páànù, ẹ wo etí fèrèsé, ẹ sì la ojú ọ̀gbàrá kí omi má dúró sí ìdí ògiri. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Aṣọ tí a fún gbẹ ni kí ẹ fi nu igi, kí ẹ sì fi òmíràn tó gbẹ tẹ̀ lé e. Omi tó bá dà sórí tábìlì, ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ife omi tútù tàbí ìkòkò gbígbóná lé e láìsí ìtẹ́lẹ̀, nítorí òrùka funfun tí ń hàn lórí fánííṣì, ọ̀rinrin tó há sínú rẹ̀ ni. Ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò tán, tí àwọn kan ń fi kun igi nítorí ikán, kò yẹ ohun èlò inú ilé: ó ń ba aṣọ àti ara jẹ́, igi tí a bá sì fi kùn kò gbọdọ̀ wọ inú iná tí a fi ń se oúnjẹ.

Bí omi bá ti wọ ọ́

Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ẹ fa gbogbo dúrọ́ọ̀ síta, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé bíríkì, kí ẹ sì gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ má ṣe sá a sí oòrùn: ojú rẹ̀ yóò gbẹ ṣáájú inú, yóò sì là. Bí ó bá ti bu, ẹ gbé e síta, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn èbu náà dànù, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi ọṣẹ tí a sì fún dáadáa nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tàbí ẹni tó ní ikọ́ sémìísémìí wà nítòsí, nítorí èbu ń ru àìsàn náà sókè. Ibi tí ọwọ́ bá tẹ̀ tó sì rì wọlé ti jẹrà. Ẹ jẹ́ kí kápéńtà gé e kúrò.

Sùúrù ní ìgbà òjò àti ìgbà ọyẹ́

Dúrọ́ọ̀ tó há ní oṣù Keje, ẹ má ṣe yára fá a, nítorí àlàfo rẹ̀ yóò fẹ̀ jù nígbà ọyẹ́. Ẹ fi àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tó là ní oṣù Kìn-ín-ní, ẹ má ṣe dí i pa lójú ẹsẹ̀, nítorí igi náà yóò tún wú, yóò sì ti ohun tí ẹ fi dí i síta.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àtúnṣe páànù kan tó jò lónìí kò náni lówó tó ibùsùn kan tó jẹrà lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà a bẹ olúkúlùkù onílé, baálé àti ìyáálé, olùkọ́ tí àga ilé ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, àti àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìjọsìn, pé kí wọ́n yẹ ohun èlò onígi tó wà ní ìkáwọ́ wọn wò kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí tó rọ̀.