Apá Ọmọ-ọmọ Mi Tó Kán Lọ́jà, àti Ẹ̀kọ́ Tó Kọ́ Mi

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Àbí kí la tìtorí ẹ̀ ń jí lọ sọ́jà bí kò ṣe ọmọ?

Ẹ ó rántí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ẹ ò rí mi ní ìsọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn kan ní gbèsè ló lé mi. Kì í ṣe gbèsè o. Apá ọmọ-ọmọ mi ló kán.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Wọ́n ti gba ọlidé, ìyá rẹ̀ sì mú un wá sọ́dọ̀ mi. Èmi ń wọn ìrẹsì fún oníbàárà, mi ò wo ẹ̀yìn. Òun àti ọmọ Ìyá Oníṣu, tí ìsọ̀ wa kọjú síra, ti gun orí kéréètì mínírà, wọ́n ń fò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo gbọ́ ni "gbì!" Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló já mi láyà kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gbalẹ̀. Kí n tó dé ibẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti wú, ó sì ti wọ́.

Ẹ wá wo àṣìṣe wa, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Èkíní, ìjà la kọ́kọ́ jà. Mo ní ọmọ Ìyá Oníṣu ló ti tèmi. Òun náà ní kí n máa ṣọ́ ọmọ mi. A ń pariwo mọ́ra wa lórí ọmọ tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èkejì, ẹnì kan fi òróró gbígbóná ra ibẹ̀, ẹlòmíì fà á pé kó lè wọlé padà. Ẹ̀kẹta, èmi fúnra mi ni mo ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá fi ọparun àti okùn dì í, ó dì í le koko.

Lóru, ọmọ ò sùn. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, ìka rẹ̀ ti wú, ó tutù bí omi inú fìríìjì, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Mo fọwọ́ kàn án, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n lára. Ìyá rẹ̀ ní ọsibítù là ń lọ. Mo ní bàbá ní ká dúró di ọjọ́ kẹta. Ọmọ mi wò mí lójú, ó ní, "Màámi, ẹ má bínú, mi ò lè dúró." Ó pọn ọmọ, ó jáde.

Ta ló ní mọ́tò ládùúgbò wa lóru? Ọkọ Ìyá Oníṣu tó ń wa takisí ni. Ẹ̀yin tèmi, ojú tì mí láti kan ilẹ̀kùn yẹn. Àmọ́ Ìyá Oníṣu fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ṣá pe ọkọ rẹ̀, ó sì bá wa wọ mọ́tò. Òótọ́ ni pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.

Lọ́sibítù, nọ́ọ̀sì ti gé okùn yẹn kó tó béèrè káàdì. Dókítà ní tí ìdì bá le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, nígbà míì wọ́n á ní láti gé apá náà. Wọ́n ya fọ́tò eegun, wọ́n tò ó, wọ́n fi POP sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wọ́n tú u. Lónìí, ọwọ́ yẹn ló fi ń ju bọ́ọ̀lù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ọmọ bá ṣubú tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tàbí tó wọ́:

Ẹ má fà á, ẹ má fi nǹkan ra á, ẹ má fi omi gbígbóná jó o.

Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ká páálí sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ìborùn gbé apá náà kọ́ ọrùn, kó má le jù.

Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, kí ẹ gbé e lé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má fún un lóúnjẹ kí ẹ tó dé ọsibítù, nítorí wọ́n lè ní láti fún un lóògùn oorun.

Bí eegun bá yọ síta, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó. Ẹ má tì í wọlé.

Bí ó bá fi orí gbalẹ̀ tó ń bì tàbí tó ń sùn lásùnjù, ẹ má dúró rárá.

Yálà ọparun ni wọ́n fi dì í tàbí POP, ẹ máa wo ìka. Bó bá tutù, tó kú tipiri, tó yí àwọ̀ padà, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i, ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba wà ní Igbóbì l'Ékòó láti ọdún 1945. UCH náà wà n'Íbàdàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọmọ ń ta gìrì lójú oorun. Èmi sì ń tún un sọ fún un pé, "Ṣebí mo kìlọ̀ fún ẹ?" Nọ́ọ̀sì ní kí n dákẹ́. Ó ní ọmọ tó fara pa ti gbọ́ ìbáwí tó, kí n máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un kí wọ́n tó ṣe é, kí n má sì purọ́ pé kò ní dùn ún. Ọmọ Ìyá Oníṣu wá kí i, ó fi báírò ya mọ́tò sára POP rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo fẹ́ ká fẹnu kò pé kí kéréètì má ga ju méjì lọ níbi tí ọmọ wà, àti pé ní àsìkò ọlidé, ká máa gba iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọmọ fún ara wa, ẹni méjì lójúmọ́. Ẹ wá pẹ̀lú ìmọ̀ràn tiyín.

Ọlọ́run ò ní fi ọmọ dán wa wò o. Àmín.

Èmi ni Akọ̀wé yín, ìyá onírẹsì.